Káàdì Aago Mẹ́fà

Ẹ má bínú bí ohùn mi bá le. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń bá jà, ara mi ni. Ó ti lé lọ́dún méjì tí àbúrò mi, ọmọ ìyá mi tí mo fi ẹ̀yìn ara mi pọ̀n, ti yọwọ́ kúrò lọ́rọ̀ mi, mi ò sì lè dá a lẹ́bi. Àwọn àgbà ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ohun tí wọn ò sọ fún wa ni pé tí àbámọ̀ bá ti rí ibi jókòó, kì í tètè dìde.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ńlá kan. Kì í ṣe ilé ìfọṣọ ẹni tó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì méjì àti ṣòkòtò kan o. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn mẹ́rin àti hòtẹ́ẹ̀lì méje ló ń wọlé síbẹ̀ lójoojúmọ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Èmi ni olórí àwọn obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ. Ẹ̀rọ náà gùn tó bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, irin gbígbóná roboto ló ń yí nínú rẹ̀. Àwọn kan á máa ti aṣọ tútù bọ̀ ọ́ níwájú, àwọn mìíràn á máa gbà á lẹ́yìn, wọ́n á máa ká a. Kò gbọdọ̀ dúró. Tó bá dúró nígbà tí aṣọ wà nínú rẹ̀, aṣọ yẹn ti jóná nìyẹn, wọ́n á sì yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù wa.

Aago káàdì wà lára ògiri lẹ́nu ọ̀nà. Olúkúlùkù ló ní káàdì tirẹ̀. Tó o bá dé láàárọ̀, o máa ti káàdì rẹ bọ inú aago, á fi íńkì tẹ àkókò tó o dé sí i lára. Tó o bá ń lọ sílé, o máa tún tì í bọ̀ ọ́. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ní iṣẹ́ wa ń parí. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún aṣọ? Aṣọ kì í tán láago mẹ́fà. Hòtẹ́ẹ̀lì ò ní fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ ní ìhòòhò torí pé ilẹ̀ ń ṣú.

Ọ̀gá wa kì í pariwo. Ohùn rẹ̀ tutù débi pé Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ là ń pè é lẹ́yìn. Ohùn tútù ní í yọ obì lápò. Tirẹ̀ ń yọ obì, ó tún ń mú àpò fúnra rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, ó wá bá mi nídìí ẹ̀rọ.

Ó ní, “Màmá, àwọn èèyàn yín ń pẹ́ jù lórí ìlà níwájú aago yẹn. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ẹ̀rọ náà sì ń dúró. Ẹ ò ṣe máa kó káàdì wọn jọ láago mẹ́fà, kí ẹ bá gbogbo wọn tì í lẹ́ẹ̀kan náà? Iṣẹ́ tó bá lé lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Mo mọ bí mo ṣe máa ṣe yín lóore.”

Mo rò pé ojú àánú ló fi wò wá. Láti ọjọ́ náà, tí aago bá ti fẹ́ lu mẹ́fà, mo máa na épírọ́ọ̀nù mi, mo máa kó káàdì mẹ́sàn-án sínú rẹ̀, ti àwọn obìnrin mẹ́jọ àti tèmi, mo máa tì wọ́n bọ aago lọ́kọ̀ọ̀kan, gáú, gáú, gáú. Mo máa dá wọn padà sára ògiri, a ó sì máa bá iṣẹ́ wa lọ di aago mẹ́jọ. Àwọn obìnrin náà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbà wọ́n lọ́wọ́ ìdúró. Àwọn ló sọ mí ní Ìyá Aago. Orí mi wú. Ẹ bá mi wò ó, orí mi wú sí ohun tí mo fi ń ja ara mi lólè.

Oore tí Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ṣèlérí ń dé lópin ọdún lóòótọ́. Bùláńkẹ́ẹ̀tì kan àti ọṣẹ méjì ni, ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọṣẹ, fún àwọn tó ń fi gbogbo ọjọ́ wẹ̀ nínú ọṣẹ. A sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Èmi ni mo mú àbúrò mi wọ ibẹ̀. Kékeré là ń pè é nílé wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé lógójì ọdún, tó sì fi gbogbo ara sanra jù mí lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá wa kú, èmi náà ò ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ, bí mo ṣe di ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ohun kan wà tí Kékeré fi yàtọ̀ sí mi: kì í rí ìwé kó má kà á. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé búrẹ́dì, ó máa ka ohun tó wà lára rẹ̀ tán kó tó jẹ búrẹ́dì. Lọ́jọ́ tó lọ gba oògùn ojú, ó rí ìwé gbàǹgbà kan tí ìjọba lẹ̀ mọ́ ògiri. Wákàtí tí èèyàn gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lójúmọ́ wà níbẹ̀. Ó tún wà níbẹ̀ pé èyí tó bá lé, ófátáìmù ni, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ju owó wákàtí lásán lọ. Ó dà á kọ, ó mú un wá síbi iṣẹ́, ó sì mú un lọ bá Ọ̀gá Jẹ́jẹ́.

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Àmọ́ káàdì yín ní aago mẹ́fà lẹ̀ ń lọ.”

Mo wà nítòsí. Mo gbọ́. Ìgbà yẹn gan-an ló yé mi ohun tí ọwọ́ mi ti ń ṣe láti ọdún yìí wá. Ṣùgbọ́n mo di ojú mi mọ́ aṣọ, mo ń ká a lọ.

Kékeré ò ká aṣọ. Òun àti àwọn obìnrin méje yòókù lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ẹjọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti rí ààyè ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n sì fún wọn ní oṣù méjì láti san owó àkọ́kọ́. Ófátáìmù ọdún mẹ́ta, tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, á san owó yẹn, á tún ra aṣọ funfun ọmọ náà. Kò sí ibòmíràn tí owó bẹ́ẹ̀ ti lè wá.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ọ̀sán, ó wá sí yàrá mi.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá. Obìnrin tó ń rí sí ẹjọ́ wa ní ọ̀rọ̀ wa dáa, káàdì nìkan ló ń ta kò wá. Gbogbo ẹ̀ ló ní aago mẹ́fà. Ẹ ṣáà sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ̀ ń bá wa tì í, kẹ́ ẹ sì sọ ẹni tó ní kẹ́ ẹ máa tì í.”

“Ṣé kò ní bi mí pé kí ló dé tí mo tì í?”

“Tó bá bi yín, ẹ sọ bó ṣe jẹ́. Ta ni ò mọ̀ pé ẹ ò lérò ibi?”

“Ó dáa náà.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ ó jẹ́ ‘ó dáa náà.’ Ojú yín ni mò ń wò.”

Mo ní, “Lọ fọkàn balẹ̀. Mo máa sọ ọ́.”

Kó tó lọ, ó fọ gbogbo abọ́ tó wà nílẹ̀, ó kó aṣọ tí mo sá wọlé, ó ká a sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti kékeré, kì í bọ́ sílé èèyàn kó jókòó lásán. Mo jókòó, mo ń wò ó, mo sì ń sọ nínú ara mi pé mo tọ́ ọmọ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé lọ́jọ́ náà, mo ní in lọ́kàn láti sọ òtítọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ránṣẹ́ pè mí. Ó ní kí n jókòó. Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti lò níbẹ̀ nígbà náà, ìdí mi ò kan àga rí nínú ọ́fíìsì yẹn. Ó ti to àwọn káàdì náà sórí tábìlì.

Ó bi mí pé, “Màmá, ọwọ́ ta ló ti àwọn káàdì yìí?”

“Èmi ni, sà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n...”

“Ṣé mo kọ ọ́ síwèé fún yín?”

Mo mi orí pé rárá.

Ó ní, “Tí ìjọba bá wò ó, ohun tí wọ́n máa rí ni ẹnì kan tó ń ti káàdì ẹlòmíì. Ayédèrú ni wọ́n ń pe ìyẹn, Màmá. Wọ́n ń ti èèyàn mọ́lé fún un. Ẹ ti pẹ́ lọ́dọ̀ mi, mi ò fẹ́ kí wọ́n wá fi páńkẹ́ẹ̀rẹ́ òfin nà yín lọ́jọ́ ogbó. Ẹ jẹ́ a sọ pé olúkúlùkù ló ń ti tirẹ̀. Ó tán.”

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá mi yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Mi ò bi ẹnikẹ́ni bóyá òótọ́ ni. Ibi tí mo ti ṣe aṣiṣe mi tó burú jù nìyẹn, kí n tó pa irọ́ kankan rárá. Obìnrin ọ́fíìsì yẹn wà níbẹ̀, ìjọba ló ń sanwó fún un pé kó máa dá irú mi lóhùn. Kékeré tó ń ka ọ̀rá búrẹ́dì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọmọ tí mo tọ́ pé ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n ń bà mí? Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíì.

Yàrá tí wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà kò tóbi. Tábìlì gígùn kan, àga, fáànù kan tó ń yí bí ẹni tó ń sunkún. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ àti lọ́yà rẹ̀ wà lápá kan, àwọn obìnrin mẹ́jọ wà lápá kejì, wọ́n ti wọ aṣọ tó dáa. Wọ́n fi mí sáàárín. Obìnrin ọ́fíìsì náà, tó wọ gíláàsì ojú, fi káàdì kan hàn mí.

“Màmá, ta ló máa ń ti káàdì yìí láago mẹ́fà?”

Mo ní, “Olúkúlùkù ló ń ti tirẹ̀.”

“Ó dá yín lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

Kékeré yíjú sí mi. Kò pariwo, kò sunkún. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń wá ojú tó mọ̀ láàárín èrò, tí kò rí i. Obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ ní, “Ìyá Aago, Ọlọ́run ń wò yín.” Mo gbójú mi sórí tábìlì, ibẹ̀ ni mo gbé e sí títí wọ́n fi ní kí n máa lọ.

Ẹjọ́ náà dànù. Wọ́n ní ohun tó wà lákọsílẹ̀ ni àwọn máa tẹ̀ lé, ẹni kan ṣoṣo tí kò sì sí lára àwọn tó pẹjọ́ ti jẹ́rìí sí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ fi sọ fún Kékeré pé kò sí iṣẹ́ fún un mọ́. Oṣù méjì tí ilé ẹ̀kọ́ fún wọn pé, wọ́n fi ẹlòmíì sí ààyè ọmọ náà. Ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ kan ni ọmọ náà wà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Mo pe Kékeré lórí fóònù títí, kò gbé e. Mo fi owó díẹ̀ sínú àpò ìwé, mo fi rán aládùúgbò rẹ̀ sí i. Àpò ìwé náà padà wá bí mo ṣe lẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin náà á ti máa bi ara yín pé ṣé mo tilẹ̀ jèrè rẹ̀. Ọdún méjì péré ni mo fi jèrè rẹ̀. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ra aago tuntun tó ń ka àtàǹpàkò. Aago yẹn ò nílò ìyá kankan. Lọ́jọ́ Friday kan, ó pè mí, ó fún mi ní lẹ́tà, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bíi ti ọmọ tuntun. Ó ní òun á máa rántí mi. Kò fún mi ní kọ́bọ̀ lé owó oṣù tí mo ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán.

Ìbínú ló gbé mi dé ọ́fíìsì òṣìṣẹ́, kì í ṣe òtítọ́. Obìnrin onígíláàsì yẹn náà ni mo bá. Ó mọ̀ mí. Ó ní kí n jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè.

“Màmá, aago mélòó lẹ̀yin fúnra yín ń kúrò níbi iṣẹ́?”

Mo ní, “Aago mẹ́jọ. Gbogbo wa ni.”

“Káàdì tiyín ńkọ́?”

“Mẹ́fà. Èmi ni mò ń ti gbogbo ẹ̀. Irọ́ ni mo pa fún yín lọ́jọ́sí.”

Kò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá ní, “A jẹ́ pé wọ́n jẹ yín lówó bíi ti àwọn yòókù.”

Bí ọ̀bọ ṣe ṣe orí ni ìnàkí ṣe ṣe. Torí pé èmi ni mò ń kó káàdì, mo rò pé orí tèmi yàtọ̀.

Mo bi í pé, “Tó bá ṣe pé mo sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ṣé wọn ì bá tì mí mọ́lé?”

Ó fi bírò sílẹ̀. “Ta ló sọ ìyẹn fún yín? Òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá pàṣẹ fún kọ́ là ń wá, Màmá, ọ̀gá là ń wá. Tó bá tún lé yín torí pé ẹ jẹ́rìí, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn nìyẹn lọ́rùn ẹ̀. Ẹ ì bá ti bi mí.”

“Ẹ wá mú ìwé àwọn obìnrin yẹn jáde. Mo ti sọ òtítọ́ báyìí. Ẹ fún àbú... ẹ fún wọn ní owó wọn.”

Ó mi orí. Ó ní wọ́n ti pa fáìlì yẹn dé, àkókò tí òfin fún wọn láti tún gbé e dìde sì ti kọjá. Tèmi nìkan ló ṣì lè lọ, torí pé mi ò tíì pẹjọ́ rí, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ò tó. Mo ti sọ òdìkejì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó wà nínú ìwé wọn. Mo nílò ẹnì kan tó bá mi ṣiṣẹ́ di aago mẹ́jọ, tó sì máa wá sọ bẹ́ẹ̀.

Mo tọ àwọn obìnrin yẹn lọ. Mẹ́ta ti kó kúrò nílùú. Mẹ́rin yòókù, ọ̀kan rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó, àwọn tó kù ti ilẹ̀kùn. Ó wá ku Kékeré.

Áyọ́ọ̀nù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí mo dé. Aṣọ àwọn aládùúgbò ló ń lọ̀ jẹun. Ó ti rù. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀, mà,” bí a ṣe ń kí ẹni tó wá béèrè ọ̀nà. Mo wà ní ìdúró, mo ro gbogbo ẹ̀ fún un, láti orí àga tí Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ gbé fún mi títí dórí ohun tí obìnrin onígíláàsì wí. Kò dá iṣẹ́ dúró.

Mo ní, “Ẹ̀rù ló bà mí, Kékeré.”

Ó ní, “Mo mọ̀. Ẹ̀rù ń ba èmi náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin ni mo gbójú lé.”

Mo fẹ́ kúnlẹ̀. Ó yára gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó di apá mi mú.

“Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Tẹ́ ẹ bá kúnlẹ̀ fún mi, kí lẹ fẹ́ kí èmi wá ṣe?”

“Gbogbo owó náà, ìwọ ni mo máa kó o fún. Kí ọmọ yẹn padà sílé ìwé.”

“Ẹ jẹ́ kí owó yín wà lọ́wọ́ yín.” Ó ti fi apá mi sílẹ̀. “Ṣé ẹ ṣiṣẹ́ di aago mẹ́jọ àbí ẹ ò ṣe é?”

“Mo ṣe é.”

“Ṣé mo wà níbẹ̀?”

“O wà níbẹ̀.”

“Ẹ̀ẹ́n, kí ni mo wá fẹ́ sọ, pé mi ò sí níbẹ̀? Ọjọ́ wo ni, aago mélòó?”

Mo sọ ọjọ́ fún un. Ó tún mú áyọ́ọ̀nù rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, ó dé ọ́fíìsì ṣáájú mi. Ó sọ gbogbo ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kò fi kún un, kò yọ kúrò. Ó sọ bí mo ṣe ń kó káàdì sínú épírọ́ọ̀nù. Ó sọ pé èmi ni mo máa ń gbẹ̀yìn jáde, pé nígbà tí òun àti àwọn yòókù bá ti dé ojú títì, èmi ṣì wà níbẹ̀ tí mò ń nu ẹ̀rọ. Èmi fúnra mi ti gbàgbé ìyẹn, mi ò sì kọ ọ́ sínú ẹjọ́ mi. Obìnrin onígíláàsì fi ìdajì wákàtí kún un fún mi lójoojúmọ́, torí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu Kékeré jáde.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà fa fọ́ọ̀mù kan yọ. Ó béèrè orúkọ Kékeré, ó béèrè àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Ó wò mí, ó tún wo Kékeré. Imú kan náà ni a jọ ní, ẹni tó bá rí wa kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè.

Ó ní, “Ẹ̀yin àti Màmá yìí, kí lẹ jẹ́ sí ara yín?”

Mo ti la ẹnu. Kékeré ló kọ́kọ́ dáhùn.

Ó ní, “A jọ ṣiṣẹ́ níbì kan náà ni.”

Mo dúró kó fi nǹkan kan kún un. Kò fi nǹkan kan kún un. Ó bu ọwọ́ lu tirẹ̀, ó dìde, ó kí obìnrin náà pé ó dàbọ̀, ó kí èmi náà, ó sì jáde. Obìnrin onígíláàsì yí ìwé náà sí mi, ó ní kí n fara balẹ̀ kà á, kí n wò ó bóyá ohun tí kò tọ̀nà wà níbẹ̀. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Mo bu ọwọ́ lù ú.